Ẹ Tún Ọ̀nà Omi Ṣe Kí Ẹ Tó Kunlé

Láti Ìlobì dé Ẹ̀rínjà, láti Ìdogo dé Òkè-Ọ̀dàn, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ gbọ́ o. Àkókò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí ti dé. Ẹ sún mọ́ rédíò yín.

Ọ̀rọ̀ ilé la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ilé tí èèyàn ń gbé fúnra rẹ̀. Ilé tí a kọ́, tàbí tí a rà, kí a lè máa fi gba owó ilé ni. Ilé tí a gbójú lé pé yóò bọ́ wa lọ́jọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ilé náà wà níbi tí omi ń ya wọ̀. Òjò tó bá rọ̀ dáadáa báyìí, omi ti dé yàrá.

Ṣé ẹ ní irú ilé bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ ra irú rẹ̀, torí wọ́n ní ó pọ́ọ́kú? Àbí ayálégbé inú rẹ̀ ni yín? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju gbólóhùn kan lọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ tún ọ̀nà omi ṣe kí ẹ tó kunlé. Mo tún un sọ: ẹ tún ọ̀nà omi ṣe kí ẹ tó kunlé.

Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ni mò ń sọ ọ́? Ẹ wo oṣù tí a wà. Oṣù Kẹjọ ni. Òjò ńlá ti dẹwọ́ díẹ̀. Àrọ̀kúrò kò tíì dé. Àárín méjèèjì yìí ni gbogbo onílé máa ń sáré wá bíríkìlà. Wọ́n á rẹ́ ibi tó ṣí. Wọ́n á pààrọ̀ ilẹ̀kùn tó ti jẹrà nísàlẹ̀. Wọ́n á ra ọ̀dà tuntun, wọ́n á kùn ún. Ilé á dán gbinrin. Ẹni tó ń wá ilé á dé, á wò ó, á sanwó. Nígbà tí àrọ̀kúrò bá dé ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ńkọ́? Omi á padà síbi tó mọ̀.

Àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ onílé ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí? Wọn ò ní kí á bẹ àgbàrá. Wọn ò ní kí á fi ọ̀dà bò ó. Wọ́n ní kí onílé má gbà fún un.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Oṣù Kẹjọ mà ni, òjò ti lọ sinmi." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹ rántí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Ó wọ ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Omíyalé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ṣé ó parí síbẹ̀? Kò parí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya Ìbàdàn kan náà. Afárá wó. Ilé wó. Ẹ̀mí tó lọ tún lé ní ọgọ́rùn-ún. Oṣù Kẹjọ ni ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì. Oṣù tí a ní òjò ń sinmi.

Bí Ìbàdàn bá jìnnà sí yín, Abẹ́òkúta ńkọ́? Olú ìlú ìpínlẹ̀ wa ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Keje, ọdún 2018, òjò kan ṣoṣo ló rọ̀ níbẹ̀. Àgbàrá gba àárín ìgboro, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Òjò kan ṣoṣo, ẹ̀yin èèyàn mi.

Torí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ owó tẹ̀lé e ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ fẹ́ ra ilé kan, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ gbé e fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlaròó. Ẹni tó fẹ́ tà á ti kùn ún. Ilé ń dán. Owó rẹ̀ sì rọjú. Kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Ṣé ẹ máa wo òkè àjà ni? Ṣé ẹ máa wo ilé ìdáná ni? Ẹ má wo òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn Ọ̀fà, ó ju Òjé lọ.

Ẹ wo ògiri láti ilẹ̀ dé orókún. Ṣé ọ̀dà ibẹ̀ ń wú, ó ń bó? Ṣé ẹ rí nǹkan funfun kan tó hù jáde lára ògiri bí iyọ̀? Ibẹ̀ ti mu omi. Ẹ fi ìka kan ògiri náà. Ẹ kàn án lókè, ẹ kàn án nísàlẹ̀. Bí ti òkè bá ń dún kì, tí ti ìsàlẹ̀ ń dún bí ohun tó ṣófo, rírẹ́ ibẹ̀ ti kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Pákó tó ti mu omi rí kì í purọ́. Á ti dúdú, á ti wú, á sì máa fọ́ yẹbẹyẹbẹ bí ẹ bá fi èékánná họ ọ́. Ẹ jáde síta. Ẹ wo ìdí ilé. Ṣé yẹ̀pẹ̀ pupa wa ti ṣàn kúrò lábẹ́ ìpìlẹ̀, tí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ wá hàn síta? Àgbàrá ló ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilẹ̀ àyíká. Kí ló ń hù níbẹ̀? Ṣé igi ògùrọ̀ ló yí ibẹ̀ ká? Ògùrọ̀ kì í fẹ́ràn ibi gbígbẹ. Ṣé ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tẹ́lẹ̀? Akùrọ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí lẹ rò pé yóò ṣe nígbà òjò? Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò. Ẹ lọ bá bàbá tó ń jókòó lójúlé kejì, ẹ kí i, ẹ bi í pé, "Bàbá, níbo ni omi máa ń dé níbí?" Bàbá yóò fi ọwọ́ hàn yín. Ìdáhùn yẹn níye lórí ju ọ̀rọ̀ ẹnu éjẹ́ńtì lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ wálé kí wọ́n bá yín ra ilé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Fọ́tò tí wọ́n yà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tó. Ẹ ní kí wọ́n yà á lọ́jọ́ tí òjò rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yà á kí òjò náà tó dá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ayálégbé tó wà níbi tí omi ń ya wọ̀ là ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé: ẹ tún ọ̀nà omi ṣe kí ẹ tó kunlé.

Ó dáa. Ilé ti di tiyín. Bóyá ẹ rà á, bóyá bàbá yín ló fi sílẹ̀. Iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wo ló ṣáájú?

Iṣẹ́ kìíní, ẹ dúró de òjò, kí ẹ sì jáde sínú rẹ̀. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ mú agboorun. Ẹ wo ibi tí omi ti ń bọ̀. Ṣé láti orí òrùlé yín ni? Ṣé láti ojú títì? Ṣé láti àgbàlá aládùúgbò? Ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ wo ibi tó yà sí, ibi tó dúró sí, ibi tó wọlé sí. Ọ̀pọ̀ onílé ló ti náwó sórí ilé wọn láìmọ ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé. Wọ́n ń dí iwájú, ẹ̀yìnkùlé ni omi ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ kejì, ẹ la ọ̀nà fún un. Ẹ gbẹ́ gọ́tà, kí ẹ sì jẹ́ kó dà síbi tó yẹ. Gọ́tà tó parí sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò kì í ṣe gọ́tà. Ìjà ni. Ẹ fi gọ́tà sí etí òrùlé, kí omi páànù má máa já lu ìdí ìpìlẹ̀. Níbi tó bá ń já sí, ẹ da òkúta síbẹ̀. Ibi tó bá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gbin koríko sí i kó lè di yẹ̀pẹ̀ mú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ fẹ́ńsì, ẹ má fi dí ojú omi. Ẹ fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Fẹ́ńsì tí kò níhò, àgbàrá ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò sí i, kò sì ní í béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń fi yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀. Ẹnìkan á ra típà yẹ̀pẹ̀ mélòó kan, á dà á sí àgbàlá, ilẹ̀ tirẹ̀ á ga. Omi ò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ta ni omi náà lọ? Ọ̀dọ̀ opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe. Kí ẹ tó kún ilẹ̀ yín, ẹ bá aládùúgbò jókòó. Ẹ jọ la gọ́tà kan. Owó rẹ̀ á fúyẹ́ fún tọ̀tún tòsì.

Ṣé ẹ rò pé ọgbọ́n tuntun ni mò ń sọ? Rárá o. Àwọn tó mọ ilé alámọ̀ nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ẹ wo agbo ilé àtijọ́. Wọ́n á gbé ilé sókè lórí pèpéle. Òrùlé á yọ síta kí òjò má lu ògiri. Inú àkòdì, níbi tí òrùlé yí ká tí òjò ń rọ̀ sí, wọ́n á ṣe ilẹ̀ rẹ̀ kó da gẹ̀rẹ́. Wọ́n á lu ihò sí abẹ́ ògiri kí omi lè bá ibẹ̀ jáde. Kò sí sìmẹ́ǹtì nígbà náà. Lónìí, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà ní Ìbẹṣè nítòsí wa. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kò mọ ibi tí omi ń gbà. Onílé ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ sójú omi ńkọ́? Ẹ dá mi lóhùn.

Iṣẹ́ kẹta, inú ilé. Ẹ wó gbogbo rírẹ́ tó ti mu omi kúrò. Ẹ má rẹ́ tuntun lé e. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí atẹ́gùn wọlé, kí ògiri gbẹ. Kì í gbẹ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ ní sùúrù. Ẹni tó kun ọ̀dà sára ògiri tútù, ó dà bí ẹni tó fi ẹ̀wù tuntun bo egbò tó ń ṣọyún. Òórùn rẹ̀ á jáde. Bó bá sì jẹ́ ilé alámọ̀ ni, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì líle bò ó nígbà tó ṣì tutù. Omi inú rẹ̀ kò ní í ríbi jáde. Ògiri á jẹrà láti inú, ojú ò ní í tètè rí i.

Ilẹ̀ yàrá ńkọ́? Ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Sìmẹ́ǹtì tó dán, tàbí táìsì, á ṣeé nù lẹ́yìn tí omi bá lọ. Ilé ìdáná, ẹ má fi pákó aláfẹ́lẹ́ ṣe kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí omi bá kàn án, ó ti tán. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ṣe é.

Iná mànàmáná wá ńkọ́? Ẹ má fi í ṣeré rárá. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná gbé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, kí wáyà sì máa ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Bí òjò bá ń lágbára, tí omi fẹ́ wọlé, kí ẹni tó wà nílé pa iná níbi mítà nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì gbẹ. Bí omi bá ti dé ibẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án. Kó kó ọmọ jáde.

Kànga àti ṣálángá náà wà nínú ọ̀rọ̀. Bí omi bá ya wọ àgbàlá, á gbé ti ṣálángá dà sínú kànga. Ẹ ò rí i bí kọ́lẹ́rà ṣe ń wọlé? Ẹ ò rí bí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ṣe ń mú àwọn ọmọ ilé? Ẹ mọ ẹnu kànga sókè dáadáa. Ẹ fi ìdérí tó lágbára bò ó. Ẹ jẹ́ kí ṣálángá jìnnà sí i, kó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe lókè rẹ̀. Lẹ́yìn tí omi bá yà, ẹ má mu omi kànga náà láìsè é.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lè wá ra ọ̀dà. Àwọ̀ tó bá wù yín, ẹ kùn ún. Mi ò bá ọ̀dà jà. Ìgbà tó yẹ ni mo ní kí ẹ kùn ún. Ẹ tún ọ̀nà omi ṣe kí ẹ tó kunlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó le. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ilé mìíràn wà tí kò yẹ ká tún ṣe. Ilé tó jókòó sójú odò gan-an. Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti là, tí ògiri rẹ̀ ti ń tẹ̀ síta. Ilé tí omi rẹ̀ kì í ṣe ti òjò àdúgbò nìkan. Ẹ wo àwọn ará Ìṣẹrí àti àwọn tó wà létí odò Ògùn. Ìsédò Òyán wà lápá Abẹ́òkúta. Láti ọdún 1983 ló ti wà níbẹ̀. Nígbà tó bá kún, àwọn tó ń bójú tó o á ní láti tú omi sílẹ̀. Omi náà á wá bá àwọn tó wà nísàlẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀ lágbègbè wọn. Àwọn ilé tó rẹwà wà níbẹ̀, wọ́n ga, wọ́n lọ́dà lára. Ọ̀dà kò dá omi náà dúró. Àwa náà, odò Yewa wà lọ́dọ̀ wa tó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà lápá Àgbádárìgì. Odò a máa fẹ̀ nígbà òjò. Etí rẹ̀ tí a rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ni etí rẹ̀.

Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà nírú ibẹ̀, kó pe ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé, kó wò ó. Kó lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú, kó béèrè. Bí wọ́n bá ní ojú omi ni, kó má fi owó tuntun tẹ̀ lé owó tó ti rì. Mo mọ̀ pé ó dunni. Owó ìfẹ̀yìntì ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè padà rí owó, ẹ̀mí la ò lè padà rí.

Ẹ̀yin onílé, ẹ gbọ́ o. Ẹ sọ òtítọ́ fún ayálégbé. Bí omi bá wọ ilé yín lọ́dún tó kọjá, ẹ sọ fún un kó tó sanwó. Ẹ fi ibi tí omi ga dé hàn án. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe sí i. Ẹ sọ ohun tó kù. Ẹ dín owó náà fún un bó bá yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá rẹ̀ ta kókó kó lè sanwó yàrá, tó wá jí lóru tí ìwé rẹ̀ ń léfòó lójú omi, ṣé inú yín á dùn sí owó rẹ̀? Ọmọ ọlọ́mọ ni. Yàrá tí ẹ ò lè jẹ́ kí ọmọ yín sùn sí lóru òjò, ẹ má gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ sì ni o, ayálégbé tó mọ òtítọ́, tó rí i pé onílé ń ṣiṣẹ́ sí ilé, á pẹ́ nínú ilé. Ẹni tí wọ́n tàn jẹ á kó jáde lẹ́yìn òjò kan, á sì ròyìn ilé náà káàkiri. Èwo ló lérè nínú méjèèjì?

Ẹ̀yin ayálégbé náà, ẹ̀bi tiyín wà níbẹ̀. Ta ló ń da ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí gọ́tà? Ta ló ń dúró de òjò kó tó gbé ilẹ̀ rẹ̀ jáde, kí àgbàrá lè bá a gbé e lọ? Kì í gbé e lọ. Abẹ́ afárá kékeré tó wà ní ìkóríta ni ó ń há sí. Omi á wá yí padà wálé. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ ládùúgbò. Ẹ jọ kó gọ́tà.

Àkókò wa ti ń lọ. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Onílé, ẹ lọ síbi ilé yín nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ fojú yín rí ọ̀nà omi. Ẹni tó fẹ́ ra ilé, ẹ má sanwó kí ẹ tó bi àgbà àdúgbò léèrè. Ayálégbé, ẹ ní kí onílé fi ibi tí omi ga dé hàn yín. Bíríkìlà, bí onílé bá ní kí ẹ rẹ́lé lé ògiri tútù, ẹ sọ fún un pé kò ní í pẹ́. Olórí àdúgbò, ẹ dá ọjọ́ kan, kí gbogbo ilé jáde wá kó gọ́tà kí àrọ̀kúrò tó dé.

Ẹ tún ọ̀nà omi ṣe kí ẹ tó kunlé. Òjò tó ń bọ̀ á jẹ́ òjò ìbùkún fún wa. Kò ní í gbé ilé wa, kò ní í gbé ọmọ wa.